Jẹ́ẹ̀tì ológun tó ti fẹ̀yìntì, ṣé ó tún lè fò?

Ọmọ_Máfolúkù:
Ẹ kú alẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ̀yìn fẹ́ńsì pápákọ̀ òfurufú ni mo gbé dàgbà, Máfolúkù gangan, ìró bàálù ló máa ń jí wa láàárọ̀, kì í ṣe àkùkọ. Jẹ́ẹ̀tì àwọn ológun ló máa ń wù mí jù, tó bá ti ń bọ̀ a ó sá jáde, ká tó gbójú sókè ó ti lọ, ariwo ẹ̀ nìkan ló máa kù sí wa létí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gba iwájú géètì bárékè kan kọjá, mo rí ọ̀kan tí wọ́n gbé kọ́ sórí òpó kọnkéré, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà ó ń dán, àmọ́ ẹyẹ ti kọ́lé sí ẹnu ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì ẹ̀. Ó dùn mí wọra. Mo délé, mo wá rí fídíò Vulcan, bàálù ńlá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń ju bọ́ǹbù, tí wọ́n ti pa tì, tí àwọn aráàlú dáwó jọ tún ṣe tó sì fò lọ́dún 2007. Ohun tí mo wá ń bi ara mi ni pé, kí ló dé tí a ò lè sọ irú èyí tó wà lórí òpó yẹn kalẹ̀, ká wá bátìrì fún un, ká rọ epo sí i, kó fò? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó jọ̀ọ́ là mí lóye, ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára.

Dípò_Ládípọ̀:
Mo kí ẹ o ọmọ Máfolúkù. Mẹkáníìkì ni èmi, ogún ọdún rèé tí mo ti ń tú mọ́tò ní Ládípọ̀. Mọ́tò tí wọ́n pa tì fún ọdún mẹ́jọ, ọdún mẹ́wàá, mo máa ń jí i dìde. A ó gbọn epo àtijọ́ dànù, a ó fọ táǹkì, a ó pààrọ̀ ọ́ìlì àti pùlọ́ọ̀gì, a ó fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀ kó má baà gan, tó bá ti wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta ó ti jí nìyẹn. Lójú tèmi, ẹ́ńjìnnì ni ẹ́ńjìnnì ń jẹ́. Owó ni ò sí, kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe.

Bàbá_Hángà:
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ yín. Ọdún 31 ni mo fi ṣe iṣẹ́ tẹkiníṣánnì lára ọkọ̀ òfurufú ológun kí n tó fẹ̀yìntì. Dípò, mo gbọ́ tìẹ, ṣùgbọ́n mọ́tò tó bá kú mọ́ ẹ lọ́wọ́ ní Òṣòdì, wàá rọra yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wàá sọ̀ kalẹ̀, wàá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Òkè ò ní ẹ̀gbẹ́ títì.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo fọwọ́ ara mi kàn. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìntì, wọ́n pè mí sí ibì kan tí mi ò ní dárúkọ, kí n wá wo jẹ́ẹ̀tì kan tó ti jókòó fún ọdún mẹ́fà, wọ́n ní àwọn fẹ́ kó tún fò. Láti ọ̀ọ́kán, ẹ ó rò pé àná ni wọ́n gbé e dé. Mo tú súkúrù ìdérí kékeré kan lábẹ́ apá ẹ̀, mo fi ìka méjì mú òrùka rọ́bà tó wà lẹ́nu họ́ọ̀sì tí ọ́ìlì ń gbà lọ síbi tó ń darí ọkọ̀, ló bá ṣẹ́ wẹ́wẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ìpékeré. Dúdú ni rọ́bà yẹn o, ó ń dán, ojú lásán ò lè mọ̀ pé ó ti kú. Irú òrùka yẹn wà káàkiri ara jẹ́ẹ̀tì, àwọn míì wà níbi tí ọwọ́ ò lè dé àfi tí wọ́n bá tú idajì ọkọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo bá jò lókè, agbára ọ́ìlì ti lọ nìyẹn, ọ̀pá tí páílọ́ọ̀tì dì mú ò ní dá a lóhùn mọ́.

Wáyà náà ńkọ́? Awọ ara ẹ̀ á gbẹ, á sán, iná á máa ta láti ọ̀kan sí èkejì. Inú táǹkì epo, àtè kan wà tí wọ́n fi lẹ gbogbo ojú oríkèé ẹ̀, epo gan-an ló ń jẹ́ kí àtè yẹn rọ̀. Tí táǹkì bá ti gbẹ fún ọdún púpọ̀, àtè á gbẹ, á bó, ọjọ́ tí ẹ bá tún rọ epo sí i, jíjò ni yóò máa jò bí asẹ́.

Ẹyẹ tí o rí yẹn, má fojú kékeré wò ó. Ọ̀pá kékeré kan wà lára ọkọ̀ òfurufú tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, òun ló ń sọ fún páílọ́ọ̀tì bí ọkọ̀ ṣe ń sáré sí. Lọ́dún 1996, Boeing 757 kan gbéra ní Puerto Plata ní Dominican Republic, ó já sínú òkun, ènìyàn 189 ló bá a lọ. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ọkọ̀ yẹn fi wà nílẹ̀ láì fò. Àwọn tó ṣèwádìí gbà pé ọ̀pá yẹn ló dí, agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé ni wọ́n fura sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta o. Èyí tó wà lórí òpó, ọdún mélòó ló ti wà níbẹ̀?

Àti pé kí wọ́n tó gbé irú ẹ̀ sórí òpó, lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì ẹ̀, wọ́n ti lu ihò sí i lábẹ́ kí wọ́n lè fi bóòtù dè é. Egungun ẹ̀yìn ẹ̀ ti ṣẹ́. Tìyẹn ti tán, ọmọ mi, jẹ́ kó sinmi.

Ọmọ_Máfolúkù:
Ẹ ṣeun Bàbá, ẹ kú àdúrà wa. Ara mi bù máṣọ níbi tí rọ́bà yẹn ti ṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, àga tó máa ń ta páílọ́ọ̀tì jáde yẹn ńkọ́? Tí nǹkan bá ṣe ọkọ̀ lókè, ṣebí páílọ́ọ̀tì á kàn fà á, á bá páráṣúùtì sọ̀ kalẹ̀?

Bàbá_Hángà:
Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ẹ̀rù ti bà ẹ́ jù. Etù ló wà lábẹ́ àga yẹn, etù gidi, rọ́kẹ́ẹ̀tì tún wà lára èyí tó jẹ́ tuntun díẹ̀. Etù máa ń lọ́jọ́ orí bí oògùn inú páálí. Tí ọjọ́ ẹ̀ bá ti pé, dandan ni kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, bóyá wọ́n lò ó bóyá wọn ò lò ó. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe é ò sì ní tà á fún ẹni tó kàn dìde láti ilé ẹ̀ pé òun ní jẹ́ẹ̀tì. Àwọn míì máa ń yọ etù yẹn dànù pátápátá, wọ́n á máa fò bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ibi tí ọkọ̀ bá já sí ni páílọ́ọ̀tì náà máa já sí.

Ní South Africa, àwọn kan wà tí wọ́n ń fi Lightning fò lójú àwọn èrò, jẹ́ẹ̀tì ìjà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni, ó sì le bí ìjì. Ní November 2009, ọ̀kan gbiná níbi àfihàn, páílọ́ọ̀tì fẹ́ jáde, àga kọ̀. Ó kú. Mo mọ àwọn tó ń tọ́jú irú àga bẹ́ẹ̀, ọwọ́ wọn kì í yá, wọn kì í sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ń ṣe é lọ́wọ́.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn fọ́tò, ẹ má gun inú jẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí ẹ bá rí níbi kankan, ẹ má jókòó, ẹ má fa ohunkóhun. Ẹ ò mọ̀ bóyá wọ́n ti yọ etù ẹ̀.

Ẹnjiníà_Títí:
Ẹ kú iṣẹ́ o Bàbá, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ajao Estate ni mò ń gbé, iṣẹ́ títún bàálù ṣe ni mo ń ṣe níbí ní Ìkejà, ọkọ̀ tó ń kó èrò, kì í ṣe tológun, ṣùgbọ́n ìlànà iṣẹ́ wa jọra. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni ìwé. Gbogbo páàtì tó bá ṣe kókó lára ọkọ̀ òfurufú ló ní ìwé ìbí, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, wákàtí tó ti fò, ẹni tó tú u, ẹni tó dá a padà, ọwọ́ ẹni tó fọwọ́ sí i. Tí ìwé yẹn bá sọnù, páàtì yẹn ti di irin lásán lójú tiwa, bó ti wù kó dára tó. Jẹ́ẹ̀tì ológun sì máa ń fẹ̀yìntì, ìwé ẹ̀ á lọ sí yàrá ibì kan, òjò á pa á, eku á jẹ ẹ́.

Ẹ mú wáyà tí wọ́n fi ń kọ́ aṣọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwá, ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Ìgbà àkọ́kọ́ kò ní ṣe nǹkan kan, ìgbà ogún náà lè má ṣe nǹkan kan, yóò wá dọ́jọ́ kan á kàn ṣẹ́ pá. Bẹ́ẹ̀ ni apá jẹ́ẹ̀tì ìjà, gbogbo ìgbà tó bá yí bìrí lókè ni apá yẹn ń tẹ̀. Kò sí bí ẹ ṣe lè wo ojú ẹ̀ kí ẹ mọ iye ìgbà tó ti tẹ̀, inú ìwé nìkan ló wà.

Vulcan tí ọmọ Máfolúkù dárúkọ, XH558 ni nọ́ńbà ẹ̀, ọdún 1960 ni wọ́n ṣe é. 18 October 2007 ló tún fò, lẹ́yìn ọdún 14 tó ti wà nílẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ní May 2012, ní Doncaster. Àpò kéékèèké tó ń fa omi, irú èyí tí ẹ máa ń rí nínú páálí bàtà tuntun ṣùgbọ́n tó tóbi jù ú lọ, wọ́n máa ń kó o sẹ́nu ẹ́ńjìnnì kí ọ̀rinrin má baà bà á jẹ́. Wọ́n gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láti gbéra, ẹ́ńjìnnì fà á mì, ó túká, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ náà gbé àfọ́kù tiẹ̀ mì, ẹ́ńjìnnì méjì nínú mẹ́rin bàjẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀ gan-an ló pa á. Àwọn tó ṣe àṣìṣe yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ, wọ́n mọṣẹ́, wọ́n sì fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn dé ibi tó dé. Bí iṣẹ́ yìí ṣe le tó nìyẹn.

Dípò_Ládípọ̀:
Àǹtí Títí, ẹ ṣé o. Bàbá, ẹ má bínú sí mi sà, mo ti yára fọhùn. Àmọ́ ẹ jẹ́ n bi yín, ṣé kò sí Bẹ́ljọ́ọ̀mù, pátì àlòkù, fún jẹ́ẹ̀tì ni? Ní Ládípọ̀ níbí tí pátì bá wọ́n, a ó wá mọ́tò míì tó ti kú, a ó tú u jẹ.

Ẹnjiníà_Títí:
Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣe é o, kò sí ọ̀nà míì. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀kan fò, ó ní láti ní méjì tàbí mẹ́ta tí yóò máa tú jẹ, iye èyí tó kù láyé sì ń dínkù ni. Ìjọba ibòmíì kì í tilẹ̀ fẹ́ kó kù. F-14, jẹ́ẹ̀tì ìjà tí Amẹ́ríkà fẹ̀yìn ẹ̀ tì lọ́dún 2006, púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n fi ẹ̀rọ lọ̀ wẹ́wẹ́, torí pé Iran náà ní irú ẹ̀, wọn ò sì fẹ́ kí pátì kankan yọ́ débẹ̀.

Ibi tí pátì ò bá sí rárá, ẹ̀rọ tuntun ni wọ́n máa kì bọ inú ara àtijọ́. Me 262 ti Jámánì, jẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tó jagun, ẹ́ńjìnnì tó lò nígbà ogun kì í ju wákàtí 25 lọ kó tó di pé wọ́n gbọ́dọ̀ tú u. Àwọn tó kọ́ irú ẹ̀ tuntun lóde òní, ẹ́ńjìnnì General Electric ni wọ́n fi sí i, wọ́n kàn fi páànù bò ó kó jọ ti àtijọ́. Inú mi dùn sí i. Àwọn kan ní ẹ̀tàn ni, èmi ò gbà, ẹni tó wà nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sílé.

Kẹ́hìndé_Ìsàlẹ̀Èkó:
Ẹ kú ìjíròrò o. Ẹ ò tíì mẹ́nu ba ojú ọjọ́. Ẹ wá wo burglary ojú fèrèsé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó níbí, ọdún méjì péré la kùn ún, atẹ́gùn ọ̀sà ti jẹ ẹ́, tí ẹ bá fọwọ́ nù ún, ìpẹtà á kún ọwọ́ yín bí osùn. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ yìí, alumíníọ̀mù jẹ́ẹ̀tì náà ò lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, àárín ibi tí wọ́n ti fi ìṣó pa páànù méjì pọ̀ ló máa ń gbà wọlé, á máa jẹ ẹ́ lábẹ́ ọ̀dà, ara òde á ṣì máa dán.

Ìdí nìyẹn tí Amẹ́ríkà fi ń kó tiwọn lọ sí aṣálẹ̀, bárékè òfurufú Davis-Monthan ní Tucson ní Arizona. Òjò ò wọ́pọ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ le débi pé bàálù lè dúró lórí ẹ̀ láì da kọnkéré. Wọn á fa epo inú ẹ̀, wọn á fi ọ́ìlì ṣan ẹ̀rọ ẹ̀ kí ó fi díẹ̀ sílẹ̀ lára, wọn á wá fi nǹkan funfun bo fèrèsé àti gbogbo ihò ara ẹ̀ kí oòrùn àti iyanrìn má baà wọlé. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti jí B-52 kan, bàálù ńlá tó ń ju bọ́ǹbù, dìde lọ́dún 2015, Ghost Rider lorúkọ ẹ̀, ó ti lo bí ọdún méje níbẹ̀. Wọ́n tún jí òmíràn, Wise Guy, lọ́dún 2019. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé wọ́n pa àwọn yẹn mọ́ kó lè jí ni, wọn kì í ṣe ohun tí wọ́n pa tì. Ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn sùn, ọ̀tọ̀ ni kó kú.

Tí ẹ bá ní kí n sọ òótọ́ inú mi, mi ò rí ìdí tí àwa fi máa náwó sí i. Owó Vulcan yẹn, mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ́nà méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ wá láti inú owó lọ́tìrì orílẹ̀-èdè wọn nìkan, kí ti aráàlú tó dé. Níbí tí ọ̀nà ò ti dáa.

Màmá_Èjìgbò:
Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Mo ń gbé ní Èjìgbò ní 26 September 1992, ọjọ́ Sátidé ni. C-130, bàálù akẹ́rù àwọn ológun, gbéra ní Ìkejà, kò pẹ́ rárá, ó já sí odò wa níbí. Èèyàn tó lé ní 150 ló wà nínú ẹ̀, ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun ló pọ̀ jù nínú wọn, kò sẹ́ni tó yè é. Ìyẹn kì í ṣe ọkọ̀ tó ti fẹ̀yìntì o, mo mọ̀, mi ò sì wá dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí mo ń sọ ni pé mo mọ bí ilẹ̀ ṣe máa ń mì. Mo mọ àwọn ìyá tó wá dúró létí odò yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nígbà tí ẹ bá jí jẹ́ẹ̀tì àtijọ́ dìde, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi fò láti dán an wò. Orí òrùlé ta ló máa gbà kọjá? Máfolúkù, Shógúnlé, Èjìgbò, Ìsọlọ̀, ẹ wo bí ilé ṣe há mọ́ra. Ní Shoreham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, August 2015, jẹ́ẹ̀tì ìjà àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Hunter ń dá bírà lójú àwọn èrò, ó já lé ojú títì, ènìyàn 11 kú. Wọn ò sí nínú ọkọ̀ yẹn. Páílọ́ọ̀tì yè é. Àwọn tó kú, àwọn míì nínú wọn ń lọ jẹ́jẹ́ wọn nínú mọ́tò ni.

Ọmọ_Máfolúkù:
Màmá, ẹ kú ọjọ́ yẹn, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká tún rí irú ẹ̀. Wọn ò tíì bí mi nígbà náà, àmọ́ bàbá mi máa ń sọ ọ́.

Bàbá_Hángà:
Màmá Èjìgbò, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín. Mo mọ àwọn kan nínú wọn.

Kẹ́hìndé, mo fẹ́ dá ẹ lóhùn lórí owó, torí ọ̀rọ̀ ẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ burúkú. Tó bá jẹ́ ti àfihàn lásán, èmi àti ẹ jọ gbà, kí ọ̀nà kọ́kọ́ dáa. Ṣùgbọ́n ìgbà míì wà tó jẹ́ dandan. Jẹ́ẹ̀tì ìjà Jaguar 18 ni orílẹ̀-èdè wa rà, Makurdi ni wọ́n wà, wọ́n rẹwà, ọdún 1991 ni wọ́n dá wọn dúró torí pé ìtọ́jú wọn ń gba owó púpọ̀, wọn ò sì tún fò mọ́. Alpha Jet tó wà ní Kainji, èyí tó ti jókòó nínú wọn náà pọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Boko Haram gbóná, wọ́n tú àwọn kan, wọ́n jí wọn. Wọ́n tún ra mẹ́rin ní Amẹ́ríkà lọ́wọ́ aráàlú, èyí tí wọ́n ti bọ́ ohun ìjà kúrò lára ẹ̀, àwọn ọmọ wa níbí ló tún gbé ohun ìjà wọ̀ ọ́. Orí mi wú nígbà tí mo gbọ́ ọ. Kí ló fi ṣeé ṣe fún Alpha Jet tí kò ṣeé ṣe fún Jaguar? Alpha Jet kò le púpọ̀, ẹ̀kọ́ ni wọ́n ṣe é fún, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ṣì wà nílé.

Títí, o kò parí ìtàn Vulcan yẹn, bá wọn parí ẹ̀.

Ẹnjiníà_Títí:
Bẹ́ẹ̀ ni sà. Kò fò mọ́ láti October 2015. Kò jábọ́, ẹ̀rọ ẹ̀ ò sì kọṣẹ́, owó ṣì ń wọlé. Ohun tó dá a dúró ni pé iléeṣẹ́ mẹ́ta tó ń dúró lẹ́yìn ẹ̀, Rolls-Royce, BAE Systems àti Marshall, sọ pé àwọn ò lè fọwọ́ sí i mọ́. Wákàtí tó ti fò fi ohun tó lé ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ju ti Vulcan èyíkéyìí lọ, kò sí àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n tí wọ́n lè wò láti mọ ibi tó kù tó máa là. Àwọn tó sì mọ ọkọ̀ yẹn dénú ti ń darúgbó, wọ́n ń fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfin ibẹ̀ ni pé tí kò bá ti sí ẹni tó lè fi orúkọ ẹ̀ dúró fún un, kò lè fò, ó parí.

Dípò_Ládípọ̀:
Ìyẹn wọ̀ mí lára ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ó máa ń fi etí ẹ̀ ti ìdí ọ̀bẹ mọ́ ẹ́ńjìnnì, á ní fáàfù kẹta ni. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Nígbà tó kú, a tún mọ́tò ṣe títí, a ò gbọ́ ohun tó máa ń gbọ́.

Bàbá_Hángà:
Èmi kọ tèmi o. Ìwé kan wà lọ́wọ́ mi, aláwọ̀ búlúù, epo ti rin etí ẹ̀. Gbogbo ibi tí ìwé iléeṣẹ́ sọ pé kí á yẹ̀ wò, tí mo wá rí i pé ibòmíì ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú ooru tiwa, mo kọ ọ́ síbẹ̀. Ibi tí ìpẹtà máa ń kọ́kọ́ yọ sí. Bí ọwọ́ ṣe máa ń rí lára súkúrù tó ti fẹ́ já. Àwọn ọmọ mi ò ṣiṣẹ́ yìí, ọ̀kan wà ní báńkì, ọ̀kan wà ní Kánádà.

Ọmọ_Máfolúkù:
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ n wá tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà fún yín. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí n ya fọ́tò ẹ̀, kí ẹ máa ṣàlàyé, kí n máa gba ohùn yín sílẹ̀. Mi ò ní gba kọ́bọ̀. Mo mọ̀ báyìí pé èyí tó wà lórí òpó ò ní fò mọ́, mo ti gbà. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn ò gbọdọ̀ lọ.

Ẹnjiníà_Títí:
Tí ẹ bá gbà sà, èmi náà á bá a wá, kí n lè kọ orúkọ pátì bó ṣe yẹ.

Bàbá_Hángà:
Ọlọ́run á bùkún yín. Ohun tó jẹ́ àṣírí iṣẹ́ ológun kò sí níbẹ̀, ara ọkọ̀ àti ìpẹtà nìkan ni. Ẹ wá lọ́jọ́ Sátidé láago mẹ́wàá, màá fi ilé ránṣẹ́ sí yín ní ìkọ̀kọ̀. Kí Dípò náà bá yín wá, kó mú tọ́ọ̀ṣì tó fi ń wo abẹ́ mọ́tò yẹn dání, pẹ́ńsù ni mo fi kọ apá àkọ́kọ́, ó ti ń pa rẹ́, kò hàn tán mọ́ àfi tí iná bá gbẹ́gbẹ̀ẹ́ tàn án.

Dípò_Ládípọ̀:
Màá mú méjì wá sà.